Ìjókòó Àárín

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, iṣẹ́ ti parí. Jíìpù náà wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí òórùn gọ́ọ̀mù lè jáde. Ìjókòó gbọọrọ tí Abẹ́rẹ́ fi odidi ọjọ́ mẹ́rin rán ti wà ní ìlà kejì, ìjókòó ọmọ mẹ́ta sì tò lé e lórí bí eyín: ọ̀kan fún ọmọ ọdún mẹ́ta, ọ̀kan fún ọmọ ọdún kan, èyí tó kéré jù ní àárín, fún ọmọ tí wọ́n bí ní ìjẹta.

Obìnrin ni Abẹ́rẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa rán ìjókòó ọkọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó tín-ín-rín, ó sì mú. Ẹni tó bá fọwọ́ pa á lára láìwòye yóò mọ̀ pé òun fọwọ́ kan nǹkan. Ọkùnrin tó ni jíìpù jẹ́ awọnlẹ̀, ẹni tí wọ́n máa ń pè kí ó wá sọ ibi tí ilẹ̀ ẹnì kan parí sí tí ti aládùúgbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Awọnlẹ̀ náà ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pè é. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ wá yan ìjókòó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ìyàwó pẹ̀lú oyún tó ti wálẹ̀. Abẹ́rẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé ìjókòó oníkọ̀ọ̀kan méjì, tí àyè wà láàrin, ni yóò jẹ́ kí ènìyàn lè kọjá dé ìlà kẹta láìtú ìjókòó ọmọ kankan. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ mẹ́ta jókòó pọ̀, kò sí ohun tó tó ìjókòó gbọọrọ.

"Ẹ fún wa ní gbọọrọ," ni ìyàwó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kí wọ́n máa ja ìjà wọn níbì kan náà, kí n lè máa nawọ́ gbá gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan."

Ní òwúrọ̀ yìí, Awọnlẹ̀ nìkan ló wá. Wọ́n ń retí rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí ó gbé ìyá àti ọmọ wálé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìjókòó tuntun, ó di ojú kan, bí àwọn tó ń wo inú ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

"Ó dára púpọ̀," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àmọ́ níbí, ó yà díẹ̀."

Ó yà lóòótọ́. Ìlà òwú tó gba àárín kọjá yà ní ìparí rẹ̀, kò ju ìbú irun orí lọ. Abẹ́rẹ́ ti rí i láti àná, ó sì ti ń bá ara rẹ̀ jà lórí rẹ̀.

"Ẹ jókòó," ni ó wí. "Wákàtí kan péré."

"Kò le tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ní ó yà."

Awọnlẹ̀ jókòó. Bí a bá fi àwọn méjèèjì sínú ilé tí àwòrán kan fì sí ẹ̀gbẹ́ lára ògiri rẹ̀, wọn kò ní lè jẹun títí wọn yóò fi tọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ tú ìlà náà, ó tún un rán, ó sì ku bí ìka mẹ́ta kí ó parí nígbà tí fóònù Awọnlẹ̀ dún.

Kò pariwo. Ó gbọ́, ó ní, "Hẹn." Ó tún ní, "Hẹn." Ó gbé fóònù lé orí itan rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka nǹkan jáde nínú ìwé. "Wọ́n ní kò sí mọ́."

"Ta ni?"

"Ìyàwó mi. Wọ́n ní ó ti wọṣọ tán."

Ó dìde, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí títì. Ọ̀gá ló fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ. Jíìpù kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ náà, tí gbogbo ènìyàn ní ó le koko, tẹ̀lé ìyá rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

*

Oṣù mẹ́wàá kọjá kí Awọnlẹ̀ tó tún yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rù. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fẹ̀ ju ọrùn rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì wà ní ìlà kejì. Ẹ̀gbọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ń pàṣẹ fún gbogbo ayé, Àǹtí Kékeré ni wọ́n ń pè é. Àbúrò rẹ̀ rí roboto, òun ni Bọ́ọ̀lù. Ìjókòó ọmọ kẹta ṣì wà láàrin wọn, wọn kò tíì tú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé ìtajà.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ni Abẹ́rẹ́ wí, kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí.

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta lóòótọ́. Aago bẹ́líìtì ló ń dà mí láàmú. Bí mo bá ti tan ọkọ̀, á máa dún fún ìjókòó àárín, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀."

"Ìjókòó ọmọ yẹn ló wúwo. Ọkọ̀ rò pé ènìyàn ni."

"Ohun tí èmi náà rò nìyẹn."

Abẹ́rẹ́ yọ ìjókòó ọmọ náà kúrò. Aago ń dún. Ó tọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó, ó já wáyà tó ń sọ fún ọkọ̀ pé ènìyàn ti jókòó. Aago ń dún síbẹ̀, lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ jí onílé.

"Wáyà ni," ni Ọ̀gá wí láti ibi tó ti ń gé awọ.

"Mo ti já wáyà, Ọ̀gá."

"Wáyà mìíràn ni."

"Òun náà nìyí lọ́wọ́ mi."

Ọ̀gá wo wáyà méjèèjì, ó sì padà sídìí awọ rẹ̀.

Àǹtí Kékeré mí kanlẹ̀ bí àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ ọmọdé ti sú. "Ẹ so bẹ́líìtì fún un, kó lè dákẹ́."

"Fún ta ni?" ni Abẹ́rẹ́ bi í.

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tó ń wo òpè. "Fún ẹni tó jókòó."

Abẹ́rẹ́ fa bẹ́líìtì àárín, ó ki í bọ ihò rẹ̀. Aago dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ni Bọ́ọ̀lù ti na bísíkíìtì tó ti jẹ dé ìdajì sí àárín. Ó dì í mú síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Abẹ́rẹ́ yára gbé ojú kúrò. Kò fẹ́ mọ̀ bóyá bísíkíìtì náà ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ náà.

*

Láti ọjọ́ náà ni àìsàn ti wọ jíìpù. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ibi ìgbápálé ló ya. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mílíìkì ló dà sí awọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Awọnlẹ̀ ní òun ń gbọ́ ìró kan, kò sì lè fara wé ìró náà nígbà tí wọ́n ní kí ó fara wé e.

"Ọkọ̀ yìí ń ṣàìsàn ju èyí tó ti pé ogún ọdún lọ," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé ọkọ̀ ló ń ṣàìsàn ni, àbí ẹ̀yin?"

Awọnlẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Abẹ́rẹ́ rí eyín rẹ̀ láti ọjọ́ ìròyìn.

Orí agolo ọ̀dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìn ni ó máa ń jókòó sí. Ó ń sọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò tí wọ́n bára wọn ṣọ̀tá nítorí ilẹ̀ tí kò gba ẹsẹ̀ méjì. Abẹ́rẹ́ náà ń sọ fún un nípa awọ, bí ti ikùn ẹran ṣe ń fà tí ti ẹ̀yìn kì í fà. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí kò yọjú, agolo ọ̀dà náà yóò di ohun tí Abẹ́rẹ́ ń wò ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kan ó dé, kò sọ pé nǹkan kan bàjẹ́.

"Mo fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe ti ọkọ̀."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ti ọkọ̀. Ẹ wọ bàtà tó dára."

Awọnlẹ̀ wo bàtà rẹ̀. "Ṣé ẹ lè fẹ́ ọkùnrin tó ní ọmọ méjì, ìyá ìyàwó kan, àti aago tí kì í dákẹ́?"

Abẹ́rẹ́ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ máṣìn. Máṣìn sáré lórí awọ, òwú kò sí nínú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n rò ó," ni ó wí.

Kò sí ohun tí ó tún ń rò ní ti ìfẹ́. Ó ti fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi tí ó ti mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá ní títì. Wákàtí kan yẹn ló ń dẹ́rù bà á. Ìka mẹ́ta tó kù. Òun àti Awọnlẹ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí ohun gbogbo tó wà lábẹ́ ọ̀run, wọn kò sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn rí. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń lọ síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn yóò dìde mu omi. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ìfẹ́ ló so àwọn pọ̀, àbí ẹ̀bi tí àwọn méjèèjì jọ gbé tí ẹnì kan kò lè dá gbé.

Ọ̀gá ló di alárinà. Ó wọ aṣọ tó mọ́, ó lọ sọ́dọ̀ ìyá Abẹ́rẹ́, tí ó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Obìnrin náà gbọ́ gbogbo àlàyé rẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì lójú.

"Ọmọ mi kò ní wọ ilé tí olóògbé kò tíì jáde kúrò nínú rẹ̀," ni ó wí. "Àwọn ọmọ kò dẹ́rù bà mí. Ìyá àgbà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni. Bí ìyá olóògbé bá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, èmi náà gbà. Bí kò bá gbà, kí Abẹ́rẹ́ máa rán ìjókòó rẹ̀ lọ."

Ọ̀gá wá gba ilé Awọnlẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni Màmá Àgbà, ìyá olóògbé, ti ń gbé ibẹ̀, tó ń tọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀gá kò pẹ́ níbẹ̀ rárá.

"Mo sọ gbogbo dúkìá ìwà rẹ," ni ó sọ fún Abẹ́rẹ́ nígbà tó dé. "Mo tún fi díẹ̀ tí o kò ní kún un. Kò wò mí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí. Ó gbọ́ pé ọkọ ọmọ òun fẹ́ yọ gbọọrọ, kó fi oníkọ̀ọ̀kan méjì sí i, kí àyè lè wà fún ọ láti máa dé ìdí àwọn ọmọ. Ó ní, 'Ẹ bá mi bi í, níbo ni ọmọ mi yóò wá jókòó sí?'"

*

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Awọnlẹ̀ gbé jíìpù wá fúnra rẹ̀.

"Yọ ọ́," ni ó wí. Ó ti ń pè é ní ìwọ láti oṣù tó kọjá. Abẹ́rẹ́ ni kò tíì lè fi ẹ̀yin sílẹ̀. "Fi oníkọ̀ọ̀kan méjì sí i. Bí mo bá ní kí n dúró de Màmá, irun mi á funfun."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ gbé e wá?"

Awọnlẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó lọ.

Abẹ́rẹ́ àti Ọ̀gá kó ìjókòó ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, wọ́n tú nọ́ọ̀tì, wọ́n gbé ìjókòó gbọọrọ náà sórí tábìlì. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí awọ kúrò lára fóòmù tí òun fúnra rẹ̀ gé. Awọ lè tan ènìyàn jẹ. Ẹni tó bá fi òróró pa á yóò sọ ọ́ di tuntun. Fóòmù kì í purọ́. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó lé e ni ó ń rántí.

Ní ibi tí ìjókòó Àǹtí Kékeré máa ń wà, ike líle ti tẹ fóòmù wọlé ní igun mẹ́rin. Ti Bọ́ọ̀lù náà rí bẹ́ẹ̀. Ní àárín, ó yẹ kí igun mẹ́rin kẹta wà. Kò sí. Ibẹ̀ tẹ̀ wọlé ní roboto, ó gbòòrò, bí ibi tí àgbàlagbà obìnrin ti ń jókòó lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì jìn ní apá òsì ju ọ̀tún lọ. Abẹ́rẹ́ ti tún ìjókòó àìmọye ìyá ṣe. Ó mọ̀ pé bí obìnrin bá ń fi apá òsì gbé ọmọ jòjòló, apá ibẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ sí.

Ó gbé ọwọ́ lé e. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọ̀gá wá wò ó. Ó ṣí fìlà. Ó wá ọ̀rọ̀ wáyà títí, kò rí i. "Pe Awọnlẹ̀," ni ó wí. "Ní kí ó mú ìyá àgbà dání."

Màmá Àgbà jẹ́ obìnrin kúkúrú tó ń rìn bí ẹni gbé omi sórí. Àwọn ọmọ méjèèjì di aṣọ rẹ̀ mú wọlé, Awọnlẹ̀ tẹ̀lé wọn. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà sídìí tábìlì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tó jìn náà.

"Báyìí ló ṣe jókòó," ni ó wí. "Lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ní ọsibítù. Wọ́n ti ní kí a máa lọ ilé. Ó ti wọṣọ, ó ti wọ bàtà, ó gbé ọmọ sí apá òsì. Ó ń bi mí pé, 'Màmá, ṣé ọkọ̀ ti dé?' Mo ní ó ń bọ̀. Ó tún bi mí. Mo ní ó ń bọ̀. Ìgbà tí kò bi mí mọ́ ni mo tó yíjú wò ó."

Ó gbé ojú kúrò lára fóòmù, ó wo Awọnlẹ̀ àti Abẹ́rẹ́.

"N kò béèrè rí," ni ó tún wí. "Mò ń béèrè lónìí. Kí ló dá ọkọ̀ dúró?"

Abẹ́rẹ́ mọ̀ pé orí ìdáhùn yìí ni ìgbéyàwó òun yóò dúró lé, tàbí kí ó wó lé. Irọ́ kan wà nílẹ̀ tó rọrùn: gọ́ọ̀mù kò tètè gbẹ. Kò mú un.

"Èmi ni, Màmá. Iṣẹ́ ti parí. Ìlà kan ló yà, mo sì tú u."

"Èmi ni mo sọ pé ó yà," ni Awọnlẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Bí mo bá ti dákẹ́, kò ní tú u."

"Mo ti rí i kí ẹ tó rí i."

"O ti ń kó irinṣẹ́ rẹ nílẹ̀, Abẹ́rẹ́. Mo rí ọ."

"Ǹ bá sì tún kó wọn jáde. Ẹ mọ̀ mí."

Màmá Àgbà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Báwo ló ṣe yà tó?"

Abẹ́rẹ́ fa irun kan ṣoṣo ní orí ara rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. "Ó tó báyìí, Màmá."

Ìyá àgbà wo irun náà títí. "Ẹ̀yin méjèèjì bára yín mu," ni ó wí nígbẹ̀yìn, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá èpè ni tàbí ìre. Ó fi etí aṣọ nu imú. "Dókítà sọ fún mi pé bí ọkọ̀ bá tètè dé, ojú ọ̀nà ni ì bá kú sí. Mo gbọ́ ọ. Mi ò kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni. Ó rọrùn fún mi kí n ní ẹni tí mò ń bínú sí."

"Ẹ lè máa bínú sí mi," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Mo lè gbà á mọ́ra."

"Mo rí i pé o lè gbà á." Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí fóòmù. "Rán awọ rẹ̀ padà. Gbé e sínú ọkọ̀. Oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tó ti ń bá wa kiri: ọjà, ilé ẹ̀kọ́, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. A gbé e lọ sí ibi gbogbo, a kò gbé e láti ọsibítù wálé. Ẹni tó ń dúró de ọkọ̀, a kì í gba ìjókòó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó dé ilé ná."

Abẹ́rẹ́ rán an. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó bóyá ó tọ́.

"Ìjókòó ọmọ àárín ńkọ́?" ni ó béèrè nígbà tí wọ́n gbé gbọọrọ padà.

"Fi sílẹ̀ níbí. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà wà."

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Awọnlẹ̀ ń wa ọkọ̀, Màmá Àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ wà lórí ìjókòó wọn. Nítorí pé gbọọrọ kò fi àyè sílẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni Abẹ́rẹ́ gbà gun ìlà kẹta, bí ẹni ń gba fèrèsé wọlé, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀yìn ìjókòó àárín ló dojú kọ.

Ní ẹnubodè ilé ìwòsàn, Awọnlẹ̀ dúró. Màmá Àgbà sọ̀kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ìlà kejì, ó di í mú.

"Ọkọ̀ ti dé," ni ó wí, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó ti rẹ̀. "Ẹ máa bọ̀."

Aṣọ́nà tó wà lẹ́nubodè wò wọ́n, ó sì wo ibòmíràn. Bọ́ọ̀lù ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, bí ọmọ ṣe ń ṣe bí àgbàlagbà bá fẹ́ kọjá níwájú rẹ̀. Awọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán máa ń dún bí ènìyàn bá jókòó lé e. Abẹ́rẹ́ mọ ìró náà ju ohùn ìyá rẹ̀ lọ, ó sì gbọ́ ọ. Àǹtí Kékeré na ọwọ́, ó fa bẹ́líìtì àárín, ó so ó.

Wọ́n rọra lọ. Awọnlẹ̀ ń yà fún gbogbo kòtò, títí kan àwọn tí táyà ì bá gùn láìmọ̀. Ní àárín ọ̀nà, òórùn kan gba inú ọkọ̀, òórùn ọṣẹ àti ti orí ọmọ tuntun, ó sì wà pẹ̀lú wọn títí wọ́n fi dé ilé.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, Awọnlẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ fún Abẹ́rẹ́. Màmá Àgbà fẹ́ nawọ́ sí ilẹ̀kùn ìlà kejì, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ìwọ ni kí o ṣí i," ni ó sọ fún Abẹ́rẹ́. "Ìwọ ni wọn yóò máa bá nínú ilé láti òní lọ."

Abẹ́rẹ́ ṣí i. Ó gbé Bọ́ọ̀lù lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ó tú ìjókòó rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ kí ọ̀nà lè mọ́. Ó na ọwọ́ dé àárín, ó tú bẹ́líìtì. Ó wá sún sẹ́yìn, ó di ilẹ̀kùn mú, ó sì dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹni tó gbé ọmọ lọ́wọ́ fi lè wá ilẹ̀ tẹ̀, kí ó sì tọ́ ara rẹ̀ dúró. Nígbà tí ó tó, ó rọra ti ilẹ̀kùn náà, bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn.